Mo Ka Ohun Tí O Kọ Sára Ìgò Náà

Bundung,
Ilẹ̀ Gambia,
17 Oṣù Kẹta, 1975.

Bàṣírát Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Mo kí ọ bí a ti ń kí ọmọ tó wà lókèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti ìwọ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù? Ṣé àtẹ̀gùn onípákó ilé tí o háyà sí ní Soldier Town ní Banjul ṣì ń gbé ènìyàn, àbí ó ti já? Lọ́jọ́ tí mo gùn ún, ńṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì sọ fún ọ nígbà náà pé ibi tí ènìyàn ní láti gùn kó tó sùn, kì í ṣe ilé, igi ni. Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú má jẹ́ kí o já bọ́. Kí ó gbé oúnjẹ òòjọ́ rẹ sí ibi tí ọwọ́ rẹ tó, kí ó sì má fi ẹkún èmi àti ìyá rẹ pa ọ́ lójú. Àmín.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Adìyẹ rẹ̀ pupa pa ọmọ mẹ́jọ, àṣá ti gbé méjì, ó ní mẹ́fà tó kù kò ní jáde lábẹ́ agbọ̀n títí wọn yóò fi mọ eré sá. Kànga wa ti ń gbẹ, bí o bá fa garawa méjì, ẹ̀kẹta á di ẹrẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́lé lẹ́yìn wa ti mọ ọ́n dé ojú fèrèsé, fèrèsé náà sì kọjú sí balùwẹ̀ wa gan-an, mo ti sọ fún un pé kó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n tó bá a gbé e. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a ṣeré.

Mo rí lẹ́tà tí o fi rán Yusupha onílọ́rì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì fún ara mi, mo kà á lẹ́ẹ̀kan fún ìyá rẹ. O ní kí n kó ẹrù mi wá bá ọ ní Soldier Town, kí o lè máa ka hóró oògùn sí mi lọ́wọ́ láràárọ̀, kí o sì dúró tì mí títí yóò fi kọjá ọ̀fun mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ìwọ náà nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tí ibà ń ṣe ọ́ ní Kùmásì, mo máa ń dì ọ́ nímú ni. Ìwọ kò ní dì mí nímú. Mi ò wá. Wọ́n ti lé mi kúrò níbi tí mò ń gbé rí, ní Kùmásì, ṣùgbọ́n odidi ìjọba Ghana ló lé mi, ìyẹn lágbára ẹ̀. Ìwọ ò tíì di ìjọba.

O sì tún bi mí ní ìbéèrè tí o bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbọ́. O ní, Bàbá, ṣé ẹ ò rí ohun tí mo kọ sára ìgò yẹn ni? Lọ́jọ́ náà mo kọjú sí ògiri. Kò sí nǹkan kan lára ògiri náà, ṣùgbọ́n mo wò ó títí o fi lọ. Mo mọ̀ pé ẹkún lo sun lọ. Òní ni mo yíjú padà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan èyí tí ó ṣojú rẹ, nítorí àwọn tó sọ ìyókù fún ọ ti fi iyọ̀ sí i, àwọn ò gbọ́ pé dókítà ní ká dín in kù.

O rántí pé mi ò ṣàìsàn lọ́jọ́ tí o mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwọ lo ní ojú mi pọ́n, o ní bí ojú bàbá ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Horace tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn tí o ti ń tajà, ṣe pọ́n nìyẹn kó tó ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí apá kan ara rẹ̀ rọ. Nọ́ọ̀sì di àpò rọ́bà kan mọ́ mi lápá, ó ń fọn atẹ́gùn sí i títí tó fi fún mi bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn, ó wá ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọ̀pá dígí kan tí omi fàdákà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Mo bi í pé mélòó ni mo gbà. Ó ní igba ó lé mẹ́wàá lókè, ọgọ́fà nísàlẹ̀. Ọlọ́pàá gìrìwò kan ló jókòó tẹ̀lé mi lórí bẹ́ǹṣì, àyà rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n wọn tirẹ̀, àádóje péré ló gbà. Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo fi ọgọ́rin borí ọlọ́pàá. Mo wo ojú rẹ kí o lè bá mi yọ̀, mo rí i pé ńṣe lo dà bí ẹni tó gbọ́ òkú.

Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ fà á wálẹ̀. Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un. Ó bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, bóyá ojú ń ṣú mi, mo ní rárá, mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Bundung dé ọjà Serekunda láràárọ̀ pẹ̀lú igbá wosiwosi mi lórí. Mo ní ohun tí kò dùn mí, kí ni wọ́n fẹ́ wò nínú rẹ̀? Ó ní ibi tí ìkà rẹ̀ wà gan-an nìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, pé ọjọ́ tí iṣan bá já nínú ọpọlọ tàbí tí ọkàn bá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo sọ fún un pé ẹni tí kì í kan ilẹ̀kùn kò lè wọ ilé mi, mo ní ajá. Ìwọ lo tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá rẹ kí mi ní “kúṣẹ́”, mo ní mi ò tíì ṣiṣẹ́ kankan láàárọ̀ yìí. O ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn Aku, ẹ̀yà tirẹ̀, ṣe ń kí ènìyàn, pé àwọn babańlá wọn ló gbé e ti ilẹ̀ wa dé Freetown kí wọ́n tó gbé e dé Banjul. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ ìdajì rẹ̀ lọ́nà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àga, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

O fi rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ṣàlàyé fún mi. O ní ọkàn ni ẹni tó ń ti omi, iṣan ni rọ́bà, bí omi bá pọ̀ jù nínú rọ́bà tàbí tí rọ́bà bá fún jù, yóò bẹ́ níbi tó ti rọ̀ jù. O ní hóró funfun kékeré yóò mú kí n máa tọ iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù dànù, ẹ̀ẹ̀kan láràárọ̀, kó má baà dí mi lójú oorun. O ní hóró aláwọ̀ òsùn yóò sọ fún ọkàn mi pé kó má sáré, kó má sì lu iṣan lágbára jù, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní ta ló sọ fún wọn pé ọkàn mi ń sáré, ọkàn tí kò tíì ṣáájú mi dé ibì kankan rí. O ní méjèèjì kì í mú àrùn náà kúrò, wọ́n ń dì í mú ni, bí ọwọ́ ṣe ń di ilẹ̀kùn mú lójú ìjì, ọjọ́ tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò ni yóò ṣí. Kí n má dá a dúró fúnra mi, kí n máa rọra dìde bí mo bá jókòó pẹ́. O wá fi Yorùbá kọ ọ́ sára ìgò, nítorí mi ò ka Gẹ̀ẹ́sì: “Bàbá, tiyín nìkan ni. Ẹ má fún ẹlòmíràn. Ẹ má dá a dúró.” Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ ní a, b, d, láti inú ìwé tí wọ́n fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní Kùmásì.

Ní ti hóró funfun, ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀, o kò sọ pé kí n má gbé e mì kí n tó wọkọ̀. Mo gbé e mì lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo wọ lọ́rì Yusupha, a ò tíì dé afárá Denton tí mo ti ní kó dúró. Ó dúró. A kọjá afárá, mo tún ní kó dúró. Nígbà ẹ̀kẹta, obìnrin kan tó gbé ẹja lé ẹsẹ̀ ní kí wọ́n kúkú sọ̀ mí kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ tọ̀ lọ sílé. Mo ti ta ọjà láti Ìnísà dé Kùmásì, láti Kùmásì dé ibí, obìnrin ẹlẹ́ja kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó yọ ọ́ nínú ẹja, nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní kí n bi ọmọ mi. Mo ra iyọ̀ tèmi, mo fi pamọ́ sáàárín àwọn àgádágodo tí mò ń tà. Ó rí i lọ́jọ́ kẹta. Ó tà á.

Síbẹ̀, mo gbé oògùn náà mì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mi ò gbé e mì. Oṣù méjì gbáko. Ọwọ́ mi tutù, ẹsẹ̀ mi wúwo, lọ́jọ́ kan mo gbérí nílẹ̀ níbi tí mo ti ń kírun, mọ́ṣáláṣí bá yí po bí òkòtó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rọra gbérí bí o ṣe wí. Lèmọ́mù kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó yìn mí níwájú gbogbo ìjọ pé ìforíkanlẹ̀ mi gùn, pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Mi ò tú u fó.

A tún padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n di apá mi, nọ́ọ̀sì ní àádọ́jọ lókè, àádọ́rùn-ún nísàlẹ̀. Ìwọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ fún mi ní tọ́fì. Èmi ń wò yín, mò ń rò ó pé ọgọ́ta mi ti lọ, àwọn èyí ń yọ̀. Nígbà tó yá mo wá rò pé bó bá ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tán nìyẹn, ẹni tó bá ti dé ilé kì í tún wọkọ̀. Mo padà sí Bundung, mo dá a dúró. Ọwọ́ mi gbóná padà. Mo rìn bí ọmọ ogún ọdún. Mo ní wọn ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Kebba ló kù. O mọ Kebba télọ̀, ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi lọ́jà. Ọdún kẹrin rèé tí a ti jọ ń jókòó. Nígbà tí mo dé ọjà yẹn tí mi ò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, òun ló sún ẹ̀rọ rẹ̀ kí tábìlì mi lè gbà. Ó máa ń ní àìsàn kan, ikọ́ fée ni àwọn tiwa ń pè é, bí eruku bá ti pọ̀, àyà rẹ̀ á fún, èémí rẹ̀ á máa súfèé. Oṣù tó kọjá ó ń sọ pé bí òun bá ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ọkàn òun ń lù kìkìkì. Mo rò ó wò. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, èmi sì ní oògùn tó ń sọ fún ọkàn pé kó má sáré, ó wà nílé, kò ṣe nǹkan kan. Mo mú ìgò náà lọ sọ́jà. A ń mu àtáyà, tíì líle tí wọ́n ń sè níbí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo fún un ní hóró aláwọ̀ òsùn méjì nítorí ó ga jù mí lọ. Ó dúpẹ́. Ó fi àtáyà gbé e mì.

Kó tó di ìrun Àsárì, ó ti ń di tábìlì mú. Èémí rẹ̀ kò súfèé mọ́, ó ń han bí ilẹ̀kùn tí ó ti dípẹtà, ètè rẹ̀ dà bí eérú. A gbé e sínú lọ́rì Yusupha, ìyàwó rẹ̀ Yassin gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ló jẹ, kí ló mu, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Èmi mọ̀. Ìgò náà wà nínú àpò mi. Nígbà tí a dé orí afárá tí mo rí omi lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ nínú àpò. Mo ń sọ fún ọ nítorí pé bàbá rẹ ni mí, mi ò sì ní parọ́ fún ọ: mo rò ó. Ìgò kékeré ni, kì bá má tilẹ̀ dún bó bá kan omi.

A dé ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì tó béèrè ohunkóhun, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní èyí ló gbé mì, hóró méjì, èmi ni mo fún un. Yassin wò mí. Mo ti rí ojú àwọn tó fẹ́ pa mí rí, ní Kùmásì, ti Yassin le ju tiwọn lọ. Wọ́n gbé Kebba wọlé, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ sí iṣan, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú tí okùn rẹ̀ so mọ́ ìgò irin gíga kan, wọ́n ní atẹ́gùn ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá ti béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ra atẹ́gùn.

Dókítà bá mi wí níta gbangba. Ó ní ohun tí oògùn yẹn fi ń sọ fún ọkàn tèmi pé kó rọra náà ló fi ń sọ fún ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ fée pé kó pa dé. Ó ní bí mi ò bá gbé ìgò wá, wọn ì bá ti fi àkókò ṣòfò. Mo dúró, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá wo ojú mi, ó ní kí wọ́n di apá tèmi náà. Igba ó lé ọgbọ̀n. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo dá a dúró, mo ní ọjọ́ kọkànlá nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi irú oògùn yẹn sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bá a dín in, lójú dókítà, pé ọkàn tí wọ́n ti ń dì mú, bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ lójijì, ńṣe ló ń fò. Ìyẹn ni wọ́n ṣe tẹ́ mi sí bẹ́ẹ̀dì tó kan ti Kebba, tí o fi bá mi níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Kebba ò bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé oògùn mi dé, ó máa ń gbé ojú kúrò.

Yàtọ̀ sí ti orí afárá, títí dé ibí lo mọ̀. Èyí tó kù lo ò mọ̀, mo sì kìlọ̀ fún Yusupha pé kó má sọ fún ọ kí n tó kọ ọ́.

Nígbà tí a padà sílé, Gibril, ẹ̀gbọ́n Kebba, lọ bá alkalo, tí í ṣe baálẹ̀ Bundung níbí. Kò pe orúkọ mi. Orúkọ tìrẹ ló pè. Ó ní ọmọbìnrin Nàìjíríà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Banjul tó ń pín májèlé fún ará oko, òun yóò lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kó lé e, bí ọ̀gá bá kọ̀, òun yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Alkalo pe gbogbo wa ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gbé Kebba wá, wọ́n fi aṣọ tó nípọn bò ó nínú oòrùn. Ìyá rẹ wà níbẹ̀, ó ní èmi kò gbọdọ̀ bínú.

Alkalo fẹ́ràn àlàáfíà, ó sì fẹ́ràn mi, ó wá ọ̀nà tí yóò fi yọ mí. Ó ní Ràímì, àgbàlagbà ni ọ́, àlejò ni ọ́, gbogbo wa ló mọ̀ pé ará ilẹ̀ yín kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò, ta ló lè kà á nínú wa? Ó ní kí n sáà ti sọ pé mi ò mọ̀wé, pé ẹni tó fún mi lóògùn kò là mí lọ́yẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lọ́rùn mi. Gbogbo ènìyàn ń mi orí. Ìyá rẹ pàápàá ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn, kí n sáà tẹ̀ ba wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ló wà ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, orí rẹ ni ǹ bá tẹ̀ kọjá.

Mo dìde. Mi ò tilẹ̀ rọra dìde bí wọ́n ṣe ní kí n máa ṣe, ojú mi ṣú díẹ̀, mo dúró títí ó fi là. Mo ní, “Mo mọ̀wé. Ọmọ mi kọ ọ́ ní èdè mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Mo kà á lọ́jọ́ tó kọ ọ́, mo tún kà á lọ́jà kí n tó ṣí ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ bá ọlọ́pàá, kó mú mi dání, kó fi ọmọ mi sílẹ̀.” Gibril ní mo ń gbèjà ọmọ mi ni. Mo fa ìgò tuntun tí o fún mi, tí o tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí lára, yọ nínú àpò, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ka lẹ́tà fún àwọn ará ilé wa lọ́jọ́ ìpàdé.

Alkalo wá bi mí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, pé bí mo bá kà á, kí ló dé tí mo fi fún un? Ìbéèrè tìrẹ náà nìyẹn, Bàṣírát. Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún ọ. Mo ní, “Wọ́n kọ ọ́ pé kí n má fún ẹlòmíràn. Kebba kì í ṣe ẹlòmíràn.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo kà á lọ́jà, mo wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo ní àjèjì ni ọmọ mi ń sọ, ẹni tó kàn ń kọjá lọ, kì í ṣe ẹni tó sún ẹ̀rọ fún mi. Mo kà á tán, mi ò gbọ́ ọ yé. Ìyàtọ̀ wà nínú kí ènìyàn má mọ̀wé kà àti kí ó kà á kó gbà á bó ṣe wù ú, èmi ni mo sì ṣe èkejì.

Kebba ṣí aṣọ kúrò lójú. Láti ọjọ́ tí mo fún un lóògùn, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ràímì, bó bá di ti oògùn, láti òní lọ, ẹlòmíràn ni mí.” Ikọ́ mú un, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Yassin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu, nígbà tí ó sì rẹ́rìn-ín, Gibril ò rí ibi dúró sí mọ́. Alkalo ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí ẹnikẹ́ni má dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Horace. Gibril ṣì ń kùn. Kó máa kùn. Mo kí i láàárọ̀ yìí, ó dáhùn pẹ̀lú imú.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá gbọ́ ohunkóhun, fún un ní lẹ́tà yìí, kí o túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó mọ̀ pé o ṣe iṣẹ́ rẹ bó ṣe yẹ. Má bẹ ẹnikẹ́ni. A ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ.

Èmi náà ń gbé oògùn mi mì. Méjèèjì láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, mi ò fò ó rí láti ọjọ́ tí mo dé. Mo bi dókítà nípa lọ́rì, ó ní ní ọjọ́ ìrìn-àjò kí n dé ibi tí mò ń lọ kí n tó gbé funfun mì, ṣùgbọ́n kí n má fi ọjọ́ náà sílẹ̀. Mi ò tíì gbà pé nǹkan ń ṣe mí. Kò dùn mí níbì kan. Ìbínú ni mo fi ń gbé e mì, láàárọ̀ ìbínú, lálẹ́ ìbínú, dókítà ò sì sọ pé ìfẹ́ ni kí n fi gbé e mì. Kò sí ẹni tó ń dúró tì mí, mi ò sì fẹ́ ẹni tí yóò dúró tì mí. Ìyá rẹ ń yọjú láti ilé ìdáná, ó rò pé mi ò rí òun.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí oṣù tó tán, nítorí ọjọ́ tí wọn yóò tún di apá mi ti súnmọ́, fi ìgò tuntun méjì ránṣẹ́ kí ti ọwọ́ mi tó gbẹ, kí o sì fi owó díẹ̀ lé e fún gíláàsì ojú, ọwọ́ mi kò gùn tó bí mo ṣe ń na ìwé jìnnà mọ́. Mi ò tọrọ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọ ni.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, ní ṣọ́ọ̀bù àti lójú títì. Kí ó fún ọ ní ọkọ tó gbọ́n, kí ó fún ọ ní ọmọ tó mọ̀wé. Kí ó jẹ́ kí o gbó, kí o tọ́, títí ọmọ tìrẹ náà yóò fi máa kọ lẹ́tà sí ọ, tí yóò máa pàṣẹ fún ọ, tí ìwọ náà yóò máa kọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ní ilé ara mi,
Ràímì Àjàmú.